Bàtà Tí Mo Gbà Lẹ́sẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́ tí ayé wa dojú rú, sùtánà méje ni mo sá sórí okùn lẹ́yìnkùlé. Ọjọ́ Ajé ni, ọyẹ́ ń fẹ́, aṣọ sì ń gbẹ kíákíá. Aránṣọ ni mí nígbà náà, ní ìlú kan ní Òkè Ọya tí n kò ní dárúkọ, torí pé àwọn tó ṣe é àti àwọn tí wọ́n ṣe é fún ṣì jọ ń gbé ibẹ̀. Aṣọ funfun ìjọ àwa Aládùúrà ni mo ń rán. Màá rán an, màá fọ̀ ọ́, màá fi búlúù àti sítáàṣì sí i, màá sì lọ̀ ọ́ títí yóò fi le. Mo ti ká méjì kúrò lórí okùn nígbà tí mo rí èéfín lápá ọjà. Mo rò pé ẹnì kan ló ń sun koríko. Mo tún ká ẹ̀kẹta.

Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí London níbí, àti Dúpẹ́ ọmọ mi tí wọ́n gbé wá kó tó gbọ́njú, ẹ máa ń rò pé ariwo ni ogun fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ni tiwa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo ní òdìkejì títì dákẹ́. Àwọn ọmọ ilé kéú tí wọ́n máa ń ké wálàá láti àárọ̀ dákẹ́. Lẹ́yìn náà la wá gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń sá, ẹsẹ̀ nìkan, láìsí ohùn kankan, bí ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lórí páànù ilé ẹlòmíì.

Títí di òní n kò lè sọ ní pàtó ohun tó dá a sílẹ̀. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ tí oníwàásù kan sọ ni, àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kó tó di ọ̀sán, àwọn Mùsùlùmí ń wá Kìrìsìtẹ́nì kiri ní apá kan ìlú, àwọn Kìrìsìtẹ́nì sì ń wá Mùsùlùmí kiri ní apá kejì. Ilé wa wà láàárín.

Ìdílé wa náà wà láàárín. Mùsùlùmí ni bàbá wa ní Ìsẹ́yìn, Sìkírátù ló sì sọ mí. Ìyá mi ló ń gbé mi lọ sí ilé àdúrà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún mi tí mo di Ẹ́sítà. Bọ̀ọ̀dá Bùráímọ̀, ọmọ ìyálé ìyá mi, ló mú mi lọ sí Òkè Ọya kí n lè rí iṣẹ́ ṣe. Aago ló ń tún ṣe. Kì í pa ìrun kankan jẹ, kò sì fìgbà kan rí bi mí ìdí tí mo fi ń wọ funfun lọ́jọ́ Àìkú. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ lórí ẹ̀sìn ni pé àdúrà tiwa ti pẹ́ jù, pé Ọlọ́run ti gbọ́ látìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé yẹn ló sá wọlé wa. Wọ́n ti sun ìsọ̀ rẹ̀. Aago oníbàárà mẹ́ta ló rí kó sápò kó tó sá, ìyẹn nìkan sì ni gbogbo ọrọ̀ rẹ̀. Ọkọ mi ti wà ní Woolwich ní London níbí nígbà náà, ó ń kàwé, ó ń fọ ọ́fíìsì, ó sì ń bá wa wá ìwé ìrìnnà. Àwa mẹ́ta la ti ilẹ̀kùn mọ́rí: èmi, Bọ̀ọ̀dá mi, àti Dúpẹ́, ọmọ ọdún mẹ́ta.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi wà níbẹ̀. A kò gbọdọ̀ dáná kí èéfín má bàa tú wa fó, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ọmọ ké. Gàrí wa tán lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì, Bọ̀ọ̀dá mi rí abọ́ sítáàṣì tí mo ti pò sílẹ̀ fún aṣọ, ó ní ṣebí ẹ̀gẹ́ náà ni. A fi ṣíbí bù ú fún ọmọ díẹ̀díẹ̀, àwa náà sì lá èyí tó kù. Mo ti gbàgbé pé mo ti po búlúù mọ́ ọn. Ẹnu Dúpẹ́ di búlúù, ètè àti ahọ́n. Bọ̀ọ̀dá mi wò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ kí ohùn má bàa jáde, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìta ń jó, àwa méjì ń mi jìgìjìgì lórí ilẹ̀ láìjẹ́ kí ohùn jáde.

Aago mẹ́ta tó wà lápò rẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wákàtí tí kálukú wọn ń sọ. Nínú òkùnkùn yàrá yẹn, tí fèrèsé wà ní títì, a kò mọ èyí tó ń sọ òótọ́. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé a kò tíì kúrò nínú yàrá náà.

Lọ́jọ́ kẹta omi tán. A gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń kọjá pé ọkọ̀ akẹ́rù wà ní bárékè ọlọ́pàá, pé ó ń kó àwọn ará ìsàlẹ̀, àwa tá a ti Gúúsù wá, lọ sílé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló lọ síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ Kìrìsìtẹ́nì láti abúlé àyíká ló sì dí i. Ọ̀nà yẹn kò le fún èmi tó fi àgbélébùú kọ́rùn. Bọ̀ọ̀dá mi lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ìgbà náà ni ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn, ó sì dùn mọ́ mi nínú. Mo ní kó wọ sùtánà.

Mo rò pé kò sí ẹni tó máa rí sùtánà tí kò ní mọ̀ pé Kìrìsìtẹ́nì ló wọ̀ ọ́. Ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Ìsẹ́yìn pàápàá, ọmọdé mọ̀ ọ́n. N kò ronú pé a kò sí níbẹ̀.

Èmi kò wọ tèmi. Nǹkan oṣù mi ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, nínú ìjọ wa obìnrin tó bá wà nínú rẹ̀ kì í wọ sùtánà, kì í sì í wọ ilé Ọlọ́run títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Kódà n kò fọwọ́ kan èyí tí Bọ̀ọ̀dá mi wọ̀. Orí àga ni mo ní kó ti mú un fúnra rẹ̀. Ìró àti bùbá àdìrẹ ni mo wọ̀, mo pọn ọmọ, mo di ẹrù sínú básíà. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ó ti wọ aṣọ, ó ti dé fìlà funfun, ó sì fi bàtà sẹ́sẹ̀, bàtà aláwọ̀ pupa rúsúrúsú tó fún oníbàtà ṣe fún Iléyá ọdún yẹn.

Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bọ́ bàtà yín. A kì í wọ bàtà sí i.”

“Síkírá, nínú ogun?”

“Aṣọ Ọlọ́run ni. Ẹ jọ̀ọ́.”

Ó jókòó, ó bọ́ ọ. Ó ní kí n fi sínú ẹrù, òun á wọ̀ ọ́ tá a bá dé ọ̀hún. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ mi mú. “Tí wọ́n bá dá mi dúró, má wẹ̀yìn. Ọmọ ni kó o gbé lọ.”

Igi mángòrò ni wọ́n gé dí ọ̀nà. Àwọn ọmọkùnrin náà tó bí ogún, àdá wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn kan kò ju ọmọ iléèwé lọ. Wọ́n bi mí lórúkọ lédè Haúsá, mo ní Ẹ́sítà, mo sì fi àgbélébùú ọrùn mi hàn wọ́n. Ọ̀kan wo ẹnu Dúpẹ́, ó bi mí ohun tó ṣe ọmọ. Mo ní sítáàṣì ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà. Ojú wọn wá lọ sára Bọ̀ọ̀dá mi: aṣọ funfun tó gùn dé kókósẹ̀, fìlà funfun, ẹsẹ̀ lásán. Ọ̀kan ní mọ́ṣáláṣí nìyí ti ń bọ̀, pé kò tilẹ̀ ráyè wọ bàtà. Mo ní rárá o, aṣọ ìjọ wa ni. Ó bi mí pé ìjọ wo ni wọ́n ti ń bọ́ bàtà gbàdúrà. Mo dárúkọ ìjọ wa. Wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Wọ́n bi Bọ̀ọ̀dá mi bóyá ó mọ̀ mí. Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí.

“Mi ò mọ̀ ọ́n,” ó ní. “Ojú ọ̀nà la ti pàdé.”

Wọ́n bi èmi náà. Dúpẹ́ wà lẹ́yìn mi, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo ní òótọ́ ni, n kò mọ̀ ọ́n.

Wọ́n ní kí n máa lọ, mo sì lọ. N kò ní sọ ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn mi. N kò wẹ̀yìn. Bàtà rẹ̀ wà nínú básíà lórí mi, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì ń lu ara básíà náà ní gbogbo ìṣísẹ̀ mi, kó, kó, kó, títí mo fi dé bárékè.

Láàárín oṣù mélòó kan mo ti wà ní Woolwich, nínú yàrá kan ní Connaught Estate, lẹ́yìn náà a rí fúláàtì ní Thamesmead. Ní àwọn oṣù yẹn, n kò lè ya ohun tó jẹ́ àlá sọ́tọ̀ kúrò lára òótọ́. Ìkùukùu máa ń gòkè láti inú odò láàárọ̀, á bo àwọn ilé kọnkéré, á bo afárá tí wọ́n fi ń rìn láti ilé kan sí èkejì, àwọn èèyàn á máa kọjá lókè bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀. Tí fẹ́rì tó ń gbé èèyàn sọdá odò bá fun fèrè nínú ìkùukùu, màá wọ abẹ́ tábìlì. Ọkọ mi kì í bi mí léèrè. Ó máa ń wá jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú mi, á ní ṣé kí òun gbé tíì wá.

Lẹ́tà kan wọlé láti Ìsẹ́yìn kó tó pé ọdún kan. Wọ́n ní Bùráímọ̀ ti délé. Wọ́n ní àwọn Mùsùlùmí tó ń palẹ̀ òkú mọ́ lójú ọ̀nà ló rí i nílẹ̀ nínú aṣọ funfun, wọ́n rò pé òkú tiwọn ni, wọ́n gbé e láti lọ sin ín. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ wẹ̀ ẹ́ ni wọ́n rí i pé ó ń mí. Lẹ́tà náà ní ara rẹ̀ ti ń yá, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ló kù tó ń yọ ọ́ lẹ́nu díẹ̀.

Mo jó nínú kíṣìnì. Inú mi dùn fún odidi ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì mo tún lẹ́tà náà kà, mo rí i pé gbogbo èèyàn ló kí mi nínú rẹ̀ àyàfi òun. Lẹ́tà mìíràn wá, kò kí mi. Ó dá mi lójú pé ó ń bínú. Èmi ni mo wọ̀ ọ́ láṣọ tó fẹ́ pa á, èmi ni mo bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èmi ni mo tún sọ lójú rẹ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n. Ojú ń tì mí. N kò kọ̀wé sí i. Bàtà rẹ̀ wà nínú àpò ọ̀rá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Láti ọjọ́ náà n kò wọ sùtánà mọ́. Ìjọ wa máa ń pàdé nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́bàá Plumstead Common. Èmi máa ń wọ búláòsì àti síkẹ́ẹ̀tì, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà níta, tí wọ́n bá bi mí léèrè màá ní nǹkan oṣù mi ló dé. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ìṣirò. Lọ́jọ́ kan Ìyá Ìjọ mú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Sister Ẹ́sítà, àlejò tìẹ kì í lọ ni? Every Sunday? Go and see your GP o.” N kò mọ̀ bóyá kí n sunkún tàbí kí n rẹ́rìn-ín.

Ọdún kẹfà ni Dúpẹ́ ti iléèwé dé pẹ̀lú ìwé kan. Wọ́n fẹ́ ṣe eré nípa ogun àwọn ará ìgbàanì, ìgbà tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ilẹ̀ Yúróòpù kọjá òkun lọ bá àwọn Mùsùlùmí jà nítorí Jerúsálẹ́mù, tí wọ́n sì jà á fún bí igba ọdún. Inú ahoro kan lórí òkè Abbey Wood, ilé àwọn mọ́ǹkì tó fi ayé sílẹ̀ fún àdúrà láyé àtijọ́, ni wọ́n ti máa ṣe é, torí pé ìgbà ogun yẹn ni wọ́n kọ́ ọ. Dúpẹ́ ti fọ́nnu fún tíṣà rẹ̀ pé ìyá òun mọ aṣọ rán. Ó ní, “Ten only, Mummy. I already said yes.”

Mo lọ sí Beresford Square lọ ra aṣọ funfun. Ìsọ̀ tí mo ti rà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè ńlá ibi tí wọ́n ti ń rọ ìbọn láyé ọjọ́un. Aláṣọ náà bi mí bóyá ìgbéyàwó ni. Mo ní ogun ni, ó rò pé mo ń ṣàwàdà.

Mẹ́wàá ni mo rán. Mo lẹ àgbélébùú pupa mọ́ àyà márùn-ún, mo fi márùn-ún sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán Sátidé ni mo ní kí Dúpẹ́ lọ wọ tirẹ̀ wò. Mùsùlùmí ni wọ́n fi í ṣe nínú eré náà. Ó ti yàrá jáde nínú aṣọ funfun tó dé kókósẹ̀, ẹsẹ̀ lásán lórí kápẹ́ẹ̀tì. Sísọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí n kò ṣe sunkún rí láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí.

“Mummy, ṣé kò fine ni?”

Mo ní ó dára. Mo ní kó jókòó tì mí. Gbogbo ohun tí mo ti sọ fún yín yìí ni mo sọ fún un, títí kan búlúù ẹnu rẹ̀. Mo fa bàtà yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fi hàn án. Ó gbé e sórí itan, ó ń fi àtàǹpàkò nu eruku orí rẹ̀.

“So Uncle is alive.”

“Ó wà láàyè.”

“O ti phone ẹ̀ rí?”

Mo ní rárá, ó ń bínú sí mi.

“Did he say so?”

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló bi mí ní ohun tí n kò bi ara mi fún ọdún mẹ́fà.

Lọ́jọ́ eré náà, ìkùukùu ṣì wà lórí koríko nígbà tí a dé òkè. Àwọn òkúta ahoro náà kò ga ju ìbàdí lọ. Àwọn ọmọ náà jáde láàárín wọn lápá ọ̀tún àti lápá òsì, gbogbo wọn ní funfun, mo sì mọ ojú abẹ́rẹ́ mi lára kálukú wọn. Wọ́n pàdé láàárín. Idà páálí ni wọ́n ń jù. Lẹ́yìn náà wọ́n ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn alágbèélébùú àti àwọn tí kò ní, títí gbogbo wọn fi wà nílẹ̀, tí òkè náà sì dákẹ́ lọ bí ìlú wa ṣe dákẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn. Dúpẹ́ wà lára wọn, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀. Tíṣà wá pàtẹ́wọ́, gbogbo àwọn òkú dìde, wọ́n ń gbọn koríko kúrò lára, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bèèrè bísíkíìtì.

Sunday tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, a pe Ìsẹ́yìn. Tẹlifóònù wà nílé kẹ́mísì àdúgbò wa níbẹ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi pe Bùráímọ̀ aláago, pé màá tún pè ní ìdajì wákàtí sí i. Ìdajì wákàtí náà gùn ju ọjọ́ mẹ́ta inú yàrá lọ. Nígbà tí mo tún pè, mo gbọ́ ẹni tó ń mí. Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè rí mi.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ káàsán.”

“Síkírá.” Ohùn rẹ̀ ti há díẹ̀. “Ọdún mẹ́fà.”

“Ẹ má bínú sí mi.”

“Ta ló ń bínú? Ṣé èmi ẹ̀gbọ́n ni màá kọ́kọ́ kí ẹ ni? Mò ń retí kíkí ẹ látọjọ́ yìí.”

Ó ní òun ti ń sọ fún àwọn ará ilé pé London ti gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ mi. Ó bèèrè Dúpẹ́, ó ní ṣé ẹnu rẹ̀ ti mọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún. Mo ní nítorí ohun tí mo sọ ní ojú ọ̀nà ọjọ́ yẹn ni. Ó ní òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ṣebí òun ló kọ́ mi. Ó wá ní, “Bàtà mi ńkọ́?”

“Ó wà lọ́dọ̀ mi. Mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wọ̀ ọ́.”

“Fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ránṣẹ́ sí mi.”

“Àti òsì, Bọ̀ọ̀dá mi. Méjèèjì ni màá fi ránṣẹ́.”

“Rárá. Ọ̀tún nìkan ni mo máa lò. Fi òsì sọ́dọ̀ ẹ.”

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi. Àwọn ará ilé kì í kọ gbogbo ohun tó burú sí ẹni tó wà lẹ́yìn odi. Lẹ́tà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń yọ ọ́ lẹ́nu díẹ̀. Mo ń gbọ́ aago kan tó ń lọ nítòsí rẹ̀, bóyá ti ara ògiri kẹ́mísì náà, bóyá tó wà lápò rẹ̀. Dúpẹ́ ń fa aṣọ mi, ó fẹ́ mọ ohun tí Uncle sọ.

Ẹnì kan nínú ìjọ wa tó ń lọ sílé bá mi mú ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ. Mo ti kun ún kó dán kí n tó dì í. Lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìyẹn mo wọ sùtánà mi wọ gbọ̀ngàn, Ìyá Ìjọ sún fún mi lórí ìjókòó. Ẹsẹ̀ òsì wà lẹ́nu ọ̀nà wa ní Thamesmead níbí, níbi tí gbogbo wa ń bọ́ bàtà sí. Àwọn àlejò máa ń wá ìkejì rẹ̀ káàkiri ilẹ̀, wọ́n á ní ta ló ni ín. Màá sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n mi ni.